Próòbù àfọwọ́ṣe fún káńtà fíríkúẹ́ńsì: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìgbì40
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Mo ń ṣe VFO 7 MHz (ọ̀sílétọ̀, ìyẹn ohun tó ń pèsè ìgbì rédíò, tó ṣeé yí) lọ́wọ́. Bí mo bá ti fi wáyà káńtà (ẹ̀rọ tó ń ka fíríkúẹ́ńsì ìgbì) kan ọ̀sílétọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ nínú rísífà á yí padà lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá gbé wáyà kúrò, á padà síbi tó wà. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe próòbù (ohun tó ń gbé ìgbì lọ bá káńtà) tí kò ní máa dà á láàmú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, kí lojú yín rí?

Àgbà Wáyà
Àbúrò, káńtà rẹ ò parọ́. Iye tó kà yẹn gan-an ni ọ̀sílétọ̀ ń ṣe nígbà tí wáyà wà lára rẹ̀. RG-58 (irú wáyà coax kan, tí wáyà àárín wà nínú ìbora onírin) mítà kan ní nǹkan bí 100 pF (pF la fi ń wọn kàpásítọ̀), ẹnu káńtà fúnra rẹ̀ ní 1 MΩ pẹ̀lú 20 sí 30 pF. Ká ní kọ́ìlì rẹ ń bá 200 pF ṣiṣẹ́, tó o wá gbé 125 pF lé e lórí, 7 MHz á já sí nǹkan bí 5.5 MHz, ìyẹn bí ọ̀sílétọ̀ náà ò bá kú pátápátá.

Èyí tí mo ṣe ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́ dòní. Mo gé bọ́ọ̀dù oníkọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ inú ihò bírò ńlá kan. Abẹ́rẹ́ ni imú rẹ̀. Kàpásítọ̀ 2.2 pF so abẹ́rẹ́ mọ́ gate J310 (tíránsísítọ̀ FET; gate, drain àti source ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta), 1 MΩ wà láti gate sí gíráúńdù. Drain ń gba fóòtì 9 lọ́dọ̀ bátìrì, 0.1 µF wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbágbáágbá sí gíráúńdù. Source jókòó lórí 470 Ω, àtibẹ̀ ni 0.1 µF míì ti ń gbé ìgbì wọ wáyà lọ bá káńtà. Gbogbo wáyà gígùn yẹn ti wà lẹ́yìn J310, ọ̀sílétọ̀ ò mọ̀ pé ó wà. Nǹkan bí 2 pF péré ló ń rí.

Ṣóńṣó
Próòbù 10x ti oscilloscope ńkọ́? Ó kúkú ti wà nílẹ̀.

Kọ́ìlì Mẹ́ta
@Ṣóńṣó ó wà nílẹ̀, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìgbì ló ń jẹ́ kó kọjá. Bí káńtà rẹ bá ń fẹ́ 50 mV kó tó kà, ìdajì fóòtì gbọ́dọ̀ wà ní imú próòbù. Ẹnu 1 MΩ nìkan ni wọ́n ṣe é fún, kò bá ẹnu 50 Ω lọ rárá.

Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ kí nǹkan fara kan nǹkan. Mo ká wáyà tó ní rọ́bà lára bí òrùka, ìká mẹ́ta, mo fi òjé jó orí kan mọ́ àárín coax, mo jó orí kejì mọ́ ìta rẹ̀. Ó parí. Nígbà tí mo ń yẹ tíránsímítà 5 W kan wò, mo so ó mọ́ dummy load (rẹ̀sísítọ̀ tó ń gba agbára dípò áńtẹ́nà), mo gbé òrùka sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì asẹ́ tó gbẹ̀yìn. Mo ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí nọ́ńbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo wá sún un wọlé díẹ̀. Ó dúró gbọn-in.

Àgbà Wáyà
Ti tíránsímítà dáa. Fún VFO kékeré, wàá sún òrùka yẹn mọ́ kọ́ìlì débi tí òun náà á fi máa yí i.

Kọ́ìlì Mẹ́ta
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ampílífáyà kékeré sẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

Àgbà Wáyà
Bó o bá ti fi ampílífáyà sí i, ṣé J310 tèmi kọ́ nìyẹn? 😄

Ìlà Oòrùn
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọ̀sílétọ̀ mi ń ṣe 7 MHz, rísífà sì gbọ́ ọ níbẹ̀. Káńtà ní 14 ni. Ìgbì onígun mẹ́rin ló ń jáde látinú IC, wáyà gíráúńdù próòbù mi sì gùn tó 15 cm. Mo gé e kúrú bí orí ìka, 7 MHz ló kà látìgbà náà.

Gbọ́hùn
Háà! Wáyà gíráúńdù yẹn! Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́!

Olóòótọ́
Mi ò gbà. 15 cm wáyà kò lè sọ 7 di 14. Harmonic kejì (ìgbì tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì) ló pọ̀ jù nínú ìgbì rẹ. Fi asẹ́ sí i.

Ìlà Oòrùn
Kí ló dé tó fi lọ nígbà tí mo gé wáyà? Mi ò fọwọ́ kan ọ̀sílétọ̀.

Àgbà Wáyà
Sẹ̀ǹtímítà wáyà kan ní nǹkan bí 10 nH (nH la fi ń wọn kọ́ìlì). 15 cm di 150 nH. Bí èyí bá pàdé 10 pF ní imú próòbù, wọ́n á máa dún ní nǹkan bí 130 MHz ní gbogbo ìgbà tí etí ìgbì onígun mẹ́rin bá gbá wọn. Káńtà kì í mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ. Gbogbo ìgbà tí ìgbì bá ré ààlà rẹ̀ kọjá ló ń kà. Olóòótọ́ náà ò purọ́ o, harmonic tó lágbára lè ṣe irú ẹ̀.

Olóòótọ́
Mo gba ti wáyà. Mo ṣì dúró lórí asẹ́.

Fóòtì9
Mo ń sọ̀rọ̀ lórí SSB (ọ̀nà kan tá a ń gbà gbé ohùn lórí rédíò), nọ́ńbà ń fò káàkiri. Ṣé próòbù ni?

Kọ́ìlì Mẹ́ta
Rárá o. SSB ò ní carrier (ìgbì kan tó dúró sójú kan) tí káńtà lè dì mú. Bọ́ sórí CW (Morse), kó o tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́lẹ̀.

Gbọ́hùn
Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má ki abẹ́rẹ́ J310 bọ ẹnu tíránsímítà. 100 W lórí 50 Ω, góńgó ìgbì rẹ̀ 100 V ni. Èmi fi dáyóòdù 1N4148 méjì sí gate, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, èkejì kọjú sọ́hùn-ún.

Àgbà Wáyà
Ní gate kẹ̀? Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ní tó 4 pF. Ìgbì tó ń dé gate lẹ́yìn 2.2 pF á dín kù tó ìdajì. Gbé wọn sí ẹnu káńtà.

Gbọ́hùn
J310 á wá jó.

Àgbà Wáyà
Kó jó. Káńtà ni mi ò fẹ́ kó jó.

Kírísítálì
Ta ló ti yẹ 10 MHz inú káńtà rẹ̀ wò? Bó bá fi 1 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù) yẹ̀, 7 Hz ni lórí 7 MHz, 145 Hz lórí 145 MHz. Mo máa ń jẹ́ kó gbóná dáadáa, mo á gbọ́ ọ pẹ̀lú WWV (ilé iṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà tí ìgbì rẹ̀ péye gan-an) lórí 10 MHz nínú rísífà kan náà, mo á yí tírímà (kàpásítọ̀ kékeré tó ṣeé yí) títí ohùn méjèèjì á fi wọ ara wọn.

Ṣóńṣó
Kí ló kan próòbù níbẹ̀?

Kírísítálì
Ó kàn án. Bí àkókò tí káńtà fi ń kà bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, nọ́ńbà tó kẹ́yìn dúró fún 1 Hz. Ẹ ń wá hertz kan lórí próòbù, káńtà sì ti sọ méje nù.

Ìgbì40
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ṣe ti J310. Bí abẹ́rẹ́ bá kan ọ̀sílétọ̀ báyìí, díẹ̀ ni ohùn ń yí. Lẹ́yìn buffer (ampílífáyà tó tẹ̀ lé ọ̀sílétọ̀), kò yí rárá. MPF102 (FET míì) ni mo fẹ́ fi ṣe èkejì. Ṣé 470 Ω náà ni?

Àgbà Wáyà
IDSS (iná tó ń gba drain kọjá nígbà tí gate àti source bá wà ní fóòtì kan náà) MPF102 wà láàárín 2 sí 20 mA, ti J310 jẹ́ 24 sí 60. Gbé e lọ sí 1 kΩ, kó o wọn fóòtì orí source. Láàárín 1 sí 3, ó ti ṣe. Kó o tó fi òjé jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, wo ìwé ẹni tó ṣe é fún ẹsẹ̀ rẹ̀.