Ṣé kí a gbà kí wọ́n tọ́jú àbúrò mi nínú àhámọ́ kí ó lè jẹ́jọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ń Béèrè:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní àhámọ́ ní Texas lórí ẹ̀sùn ńlá. Dókítà tí ilé ẹjọ́ rán sí i ní ọpọlọ rẹ̀ kò tíì dá débi tí yóò fi lè jẹ́jọ́, adájọ́ sì fara mọ́ ọn. Àyè kò sí ní ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n wá ní àwọn lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú níbi tí ó wà. Inú ìyá wa dùn, ó gbà pé bí ara rẹ̀ bá ti yá, wọn yóò dá a sílẹ̀. Ọkàn tèmi kò balẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ṣé ìdílé sì lẹ́nu nínú rẹ̀?

Agbẹjọ́rò Houston:
Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ la màmá lóye pé ìtọ́jú yìí kì í ṣe ọ̀nà ìdásílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni èyí tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà là kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Dusky ní 1960: kí olùjẹ́jọ́ lè fi òye bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì mọ ohun tí wọ́n ń bá a ṣẹjọ́ lé lórí. Bí ó bá ti débẹ̀, ẹjọ́ yóò máa bá a lọ, ì báà ṣì máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Fún ẹ̀sùn ńlá, òfin Texas fi àyè 120 ọjọ́ sílẹ̀, adájọ́ sì lè fi 60 kún un lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó fi ń dúró kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ kò wọ inú ìṣirò náà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní California, níbi tí àhámọ́ San Bernardino ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2011. Láàárọ̀ a ó fún wọn lóògùn, lẹ́yìn náà a ó to àga bíi ti kóòtù, a ó sì máa bi wọ́n pé: ta ni olùpẹ̀jọ́, ta ni ó ń gbèjà rẹ? Ọ̀gbẹ́ni kan mọ gbogbo ìdáhùn lórí, kò ṣì í rí, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé bàbá òun tó ti kú ni adájọ́ náà. Ẹni tó kọ́ ọ sórí kò tíì lóye. Bí ẹ̀kọ́ bá sì parí, inú yàrá tí iná kì í kú lóru ni púpọ̀ nínú wọn ń padà sí. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí àbúrò yín ti lò sílẹ̀, pàápàá èyí tí kò bá a lára mu, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn elétò ìlera ibẹ̀. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín, bí wọn kò tilẹ̀ lè sọ ohunkóhun fún yín.

Ará Seattle:
Èmi kò fara mọ́ ọn. Àìsí ibùsùn ni ó bí ètò yìí, kì í ṣe pé àhámọ́ dára fún aláìsàn. Níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Washington, nínú ẹjọ́ Trueblood ní 2015, adájọ́ pàṣẹ pé ìtọ́jú kò gbọdọ̀ pẹ́ ju 7 ọjọ́ lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀; ìjọba ìpínlẹ̀ kò lè mú un ṣẹ, ìtanràn rẹ̀ sì di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ kọ́kọ́ ní kí lọ́yà rẹ̀ béèrè bóyá adájọ́ lè jẹ́ kí ó máa gba ìtọ́jú náà láti ilé.

Ẹ̀gbọ́n Ń Béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Abẹ́rẹ́ ni kò fẹ́ gbà rárá. Ṣé wọ́n lè fipá gún un?

Agbẹjọ́rò Houston:
Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá. Ẹjọ́ Sell, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ kan náà dá ní 2003, ní àfi kí ẹ̀sùn náà wúwo, kí oògùn náà sì lè mú un yẹ fún ìgbẹ́jọ́ láìba ìgbèjà rẹ̀ jẹ́, kí ọ̀nà mìíràn tó rọrùn má sì sí, kí ó sì bá ìlera rẹ̀ mu. Bí ó bá ń ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni wọn yóò gbà. Àgbàlagbà ni, nítorí náà ẹ kò lè buwọ́ lùwé fún un. Lọ́yà rẹ̀ ni kí ẹ pè lónìí, kí ó lè wà níbẹ̀ bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà wá síwájú adájọ́.