Ikọ́ ọmọ mi àti ti màmá mi kò lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà níbí. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 5, ti ń húkọ́ fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, ìdájí ló máa ń le, àyà rẹ̀ á sì máa dún bíi fèrè. Kò sí ibà, kò rù, ó ń jẹun. Oògùn ikọ́ tí wọ́n tà fún wa ní kẹ́míìsì kò ràn án rárá. Ṣé asthma ni, àbí ikọ́ ẹ̀gbẹ? Ọmọdé kì í sábà lè ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń yẹ ọmọdé wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ?

Màmá mi, tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan, náà ń húkọ́ gbígbẹ láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo mọ̀ pé oògùn yẹn máa ń fa ikọ́ fún àwọn kan. Wọ́n fẹ́ dá a dúró fúnra wọn, mo sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ̀yin tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ó pẹ́ tó kí ikọ́ náà tó lọ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ oògùn yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.