Mọ́tò ọdún 1996 ń kú tó bá ti gbóná: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Onímọ́tò96

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mọ́tò ọdún 1996 ni, ẹ́ńjìnnì 1.6, sìlíńdà mẹ́rin. Injector ló ń fún un lépo, ó ní distributor (ohun tó ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì), jíà ọlọ́wọ́ sì ni. Tó bá tutù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ ló ń sítáàtì. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ tí mo bá ti wà á tó ìṣẹ́jú 25.

Àkọ́kọ́, tí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì láti dúró, abẹ́rẹ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á já wálẹ̀ dé nǹkan bí 400, ọkọ̀ á gbọ̀n, á sì kú. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, á dìde lójú ẹsẹ̀. Èkejì, ó ti kú lẹ́ẹ̀mejì lórí eré 80, láì gbọ̀n, láì kọsẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn pa kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn kì í dìde àfi tó bá sinmi tó ìṣẹ́jú 20.

Mo ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fíltà epo àti fíltà afẹ́fẹ́, kò yí padà. Iná check engine kò tàn. Mítà àti sípánà wà lọ́wọ́ mi, n kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kóòdù. Ọmọ ń bá mi jókòó nínú ọkọ̀ yìí lójoojúmọ́, mi ò fẹ́ kó tún kú lórí eré mọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀gá Sípánà

Ẹ kú ìrọ́jú. Àìsàn méjì lẹ kà sílẹ̀ yẹn, ẹ má so wọ́n pọ̀. Èyí tó ń gbọ̀n kó tó kú, tó sì ń dìde lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó ń kú lójijì bí àtùpà tí a fẹ́, tó ń dúró kí ara rẹ̀ tutù kó tó jí, nǹkan oníná kan ló ń gbóná tó sì ń já nínú. Èkejì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré, sítíárì á le, bíréèkì náà á sì le lẹ́yìn ìtẹ̀ kan tàbí méjì.

Nígbà tó bá tún kú, kí ẹ tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wo abẹ́rẹ́ RPM. Táyà ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà yẹn. Tí abẹ́rẹ́ bá já sí 0 lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, iná tó ń lọ sí kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná bátìrì di ńlá fún sípáàkì) ló gé. Tó bá ń rọra sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú eré ọkọ̀, epo ni kí ẹ fura sí. Ẹ̀rí tó lágbára ni, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dájọ́ pẹ̀lú òun nìkan.

Ẹ wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà dáadáa, ẹ tan iná ìkìlọ̀ méjèèjì. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tún un ṣí láìsítáàtì, kí ẹ tẹ́tí sí ìdí àga ẹ̀yìn: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, pọ́ńpù epo máa ń kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Lẹ́yìn náà ẹ yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì kan, ẹ ki pọ́lọ́ọ̀gì mìíràn tó dára bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ fi wáyà tí wọ́n fi ń jọ́m̀pù bátìrì so ara irin pọ́lọ́ọ̀gì náà mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà. Ẹ má fi ọwọ́ dì í mú, kí epo tó ń jò má sì wà nítòsí. Kí ẹnìkan yí sítátà. Sípáàkì tó dára máa ń búlúù, ó sì máa ń ta pá-pá. Èyí tó pọ́n tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ kò lágbára.

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ tó kú ni gbogbo ẹ̀rí wà. Tó bá ti tutù, gbogbo nǹkan á dára lójú yín, ẹ ó sì máa ra ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ gbé pọ́lọ́ọ̀gì yẹn àti wáyà náà sínú ọkọ̀ láti òní lọ.

Afẹ́fẹ́ Tó Mọ́

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àkọ́kọ́, torí ilé ni ẹ ti lè parí rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí tọ́tù, ojú ihò kékeré kan ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ọdún púpọ̀ ti fi ọ̀rá dúdú dí ihò náà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ tú ọ̀pá afẹ́fẹ́ kúrò lára throttle body (ilé àwo tí tọ́tù ń ṣí), ẹ fi ọwọ́ ṣí àwo rẹ̀. Ẹ ó rí òrùka dúdú kan gan-an níbi tí etí àwo ti ń bá ara ilé pàdé. Ẹ fọ́n oògùn throttle cleaner sí aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ẹ fi fọ etí àwo níwájú àti lẹ́yìn títí irin á fi hàn. Ẹ má da oògùn náà gììrì sínú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni valve tó ń darí afẹ́fẹ́ sílóò, ìyẹn ìgbà tí ẹ kò tẹ tọ́tù. Ẹ tú u, ẹ fọ ọ́, ẹ má fi tipátipá ti ọ̀pá inú rẹ̀, kí ẹ sì yẹ rọ́bà ìdí rẹ̀ wò kí ẹ tó dá a padà. Tí mọ́tò yín bá ní sẹ́ńsọ̀ MAF (èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé), kí oògùn yìí má kàn án rárá. Òun ní oògùn tirẹ̀.

Ẹ wá yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì fún ìṣẹ́jú 15 kí brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) lè gbàgbé ìwọ̀n àtijọ́. Ẹ sítáàtì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 láìtẹ tọ́tù, lẹ́yìn náà ẹ tan iná iwájú àti fáànù. Ìwọ̀n RPM tó yẹ wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Láàárín 650 sí 850 ni ti ọ̀pọ̀ mọ́tò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má yí sìkúrù tó dá àwo tọ́tù dúró láti fi gbé RPM sókè. Àìsàn á fara pamọ́, sílóò kò sì ní tọ́ mọ́ láéláé.

Tó bá ṣì ń kú lẹ́yìn fífọ̀, afẹ́fẹ́ kan ń jò wọlé. Ẹ tẹ gbogbo hóòsì rọ́bà ní ibi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́, abẹ́ ibẹ̀ ló máa ń sán. Ẹ fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí manifold (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yẹra fún wáyà pọ́lọ́ọ̀gì. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ibẹ̀ ló ń jò. Àwọn kan ń fi oògùn kàbúrẹ́tọ̀ ṣe èyí. Mi ò gbà á níyànjú lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ó lè gbiná. Ẹ tún tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀márùn-ún nígbà tó wà ní sílóò: tí RPM bá ń já tí ẹ sì gbọ́ ìró "ṣìì" lábẹ́ ẹsẹ̀, booster bíréèkì (ohun tó ń mú kí bíréèkì rọ̀ lẹ́sẹ̀) ló ya. Ẹ fi páláyà fún hóòsì rẹ̀ pa díẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá tètè balẹ̀, ẹ ti rí i. Bí ọkọ̀ bá wà ní ìdúró nìkan ni kí ẹ ṣe èyí.

Ẹ rántí EGR, valve tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹyọ èédú tí kò ju orí ìṣáná lọ lè há sí ẹnu valve rẹ̀. Ọkọ̀ á dára lórí eré, á máa gbọ̀n á sì máa kú ní ìdúró.

Onímọ́tò96

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fọ throttle body àti valve rẹ̀. Ọ̀rá dúdú náà nípọn bí páálí. Sílóò ti dúró lórí 780, kò kú mọ́ tí mo bá dúró, omi tí mo fọ́n kò sì yí nǹkan kan padà.

Ṣùgbọ́n ó tún kú lójijì. Abẹ́rẹ́ já sí 0 nígbà tí táyà ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì. Pọ́ńpù kùn. Sípáàkì kò sí rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lẹ́nu wáyà àárín tó ti kọ́ìlì wá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 18, sípáàkì búlúù padà dé.

Kọ́ìlì Gbígbóná

Nǹkan mẹ́ta ló kù nígbà náà: kọ́ìlì, igniter (ohun tó ń tan iná kọ́ìlì tó sì ń pa á), àti sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹ má ra ìkankan. Injector ni ẹ ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí sípáàkì bá tún lọ, ẹ yọ ojú wáyà injector kan, ẹ ki iná LED tí wọ́n fi ń yẹ injector wò bọ̀ ọ́, ẹ yí sítátà. Tí LED bá ń ṣẹ́jú, brain box mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí, kọ́ìlì tàbí igniter lẹ ó máa wá. Tí kò bá ṣẹ́jú, ìròyìn kò dé ọ̀dọ̀ brain box: sẹ́ńsọ̀ ni, tàbí wáyà rẹ̀. Ẹni tí kò ní LED lè yọ pọ́lọ́ọ̀gì kan lẹ́yìn yíyí sítátà. Tó bá tutù fún epo, injector ń ṣiṣẹ́.

Kọ́ìlì: ẹ kọ́kọ́ so ojú mítà méjèèjì pọ̀, ẹ yọ iye tó bá kà (0.2 tàbí 0.3) kúrò nínú ìdáhùn. Ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ sábà máa ń wà láàárín 0.4 sí 2 ohm, ẹ̀gbẹ́ kejì láàárín 6,000 sí 15,000. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó gbóná. Kọ́ìlì lè yege lójú mítà kó sì já lábẹ́ fóltéèjì ńlá, nítorí náà kọ́ìlì tí ẹ mọ̀ pé ó dára ni ẹlẹ́rìí tó dára jù.

Sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì (pick-up coil ni wọ́n ń pe ti inú distributor): ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà láàárín 200 sí 1,000 ohm, ìwé mọ́tò yín ló mọ iye gan-an. Ẹ so mítà mọ́ ọn nígbà tó tutù, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ máa mi wáyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wáyà bàbà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Tó bá ti sán níbì kan, ooru á fẹ̀ ẹ́, ojú sísán á ṣí, iná á gé. Tó bá tutù, ojú méjèèjì á tún fara kan ara. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń jí lẹ́yìn ìsinmi. Kí òǹkà rọra gòkè kò burú, bàbà tó gbóná dé 80°C máa ń fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 kún iye rẹ̀. Kó fò lọ sí OL (mítà ń sọ pé wáyà ti já) ni ìṣòro. Ẹ má fi ohm wọn èyí tó ní wáyà mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Hall, irú sẹ́ńsọ̀ tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú. Iná tó ń wọlé àti ìròyìn tó ń jáde ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ọ̀gá Sípánà

Ẹ kú iṣẹ́, Kọ́ìlì Gbígbóná. Kí Onímọ́tò96 tó ra sẹ́ńsọ̀, kó ṣí ìdérí distributor. Tí ọ́ìlì bá ti gba ìdí ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ó ti rẹ wáyà náà, sẹ́ńsọ̀ tuntun kò sì ní pẹ́. Síìlì ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀. Kó wo ojú wáyà náà, bóyá ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Kó mi kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́; tí dáṣíbọọ̀dù bá kú pẹ̀lú rẹ̀, ilé kọ́kọ́rọ́ ló jẹ. Kó tún fi mítà wọn láti nẹ́gátíìfù bátìrì sí ara ẹ́ńjìnnì nígbà tí sítátà ń yí. Tó bá ju 0.5 fóltì lọ, wáyà ilẹ̀ kò dára.

Ẹni tó bá ka ibí yìí tí pọ́ńpù tirẹ̀ kò sì kùn nígbà tó kú, relay pọ́ńpù (súìṣì tó ń fún un níná) ni kó kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ pátákó inú máa ń sán, ẹ ó rí òrùka tín-ín-rín yí ẹsẹ̀ náà ká. Jíjó o padà ti tó. Ti kàbúrẹ́tọ̀ ńkọ́? Ojú ihò sílóò rẹ̀ tó dí àti solenoid rẹ̀ (valve oníná tó ń ṣí ihò náà) ló sábà máa ń fa kíkú ní ìdúró. Solenoid yẹn gbọ́dọ̀ dún "tákí" tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́.

Onímọ́tò96

LED kò ṣẹ́jú nígbà tí sípáàkì lọ. Pick-up coil inú distributor: 380 ohm nígbà tó tutù, 440 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 6 ẹ̀rọ ìgbẹrun, lẹ́yìn náà OL. Nígbà tó tutù, 380 padà. Ojú wáyà mọ́, kò sí ọ́ìlì nínú distributor.

Kọ́ìlì Gbígbóná

Ẹ ti rí i. Ẹ yọ nẹ́gátíìfù bátìrì. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí àmì ara puli á fi bọ́ sórí 0, ẹ wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti ara distributor dé ara ẹ́ńjìnnì, ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí orí rotor (apá tó ń yí nínú distributor) kọjú sí. Láìsí àmì yìí, timing (àsìkò tí sípáàkì ń ta) á sọnù mọ́ yín lọ́wọ́. Nínú àwọn mọ́tò kan, ẹ ò ní rí pick-up coil nìkan rà, odidi distributor ni.

Tí ẹ bá ń fi tuntun sí i, àlàfo láàárín rẹ̀ àti eyín irin tó ń yí ṣe pàtàkì: 0.2 sí 0.4 mm ni nínú ọ̀pọ̀ oníwáyà méjì, kí ẹ sì fi ìwé mọ́tò yín jẹ́rìí sí i. Fíìlà bàbà, ìyẹn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, ni kí ẹ lò, torí ti irin á lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, òǹkà á sì tàn yín. Ẹ nu eruku irin kúrò, ẹ so wáyà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kí rotor má bàa gé e.

Ẹ dá a padà sójú àmì, ẹ sítáàtì, ẹ fi iná timing yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbà yẹn ní ẹnu wáyà méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ so pọ̀ kí brain box má bàa yí timing nígbà tí ẹ ń wò ó. Ti Toyota ni TE1 àti E1. Iye ìwọ̀n wà lórí ìwé abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì kan náà.

Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní ìdúró títí fáànù rádíétọ̀ á fi tàn tí á sì kú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá nìkan wà á fún ìṣẹ́jú 40 ní ojú ọ̀nà tí kò kún, láìgbé ọmọ. Kí pọ́lọ́ọ̀gì àti LED ṣì wà nínú ọkọ̀.