Ta ló lè tọ́ mi sọ́nà lórí títo ìwé fún ìtẹ̀wé àti fún fóònù?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ kan já lé mi léjìká, n kò sì fẹ́ tẹ́. Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìwé olójú ewé 26. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀, àwòrán tó 40. A ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, a ó sì tún fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó jìnnà. Sọ́fítíwíà tí mo fi ń kọ lẹ́tà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sún àwòrán díẹ̀ lójú ewé 3, àwọn tó wà lójú ewé 9 á ti ṣí kúrò láyè wọn. Lálẹ́ àná, ṣe ni mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ sùn. Ẹnì kan ní kí n lọ kọ́ sọ́fítíwíà títo ìwé tó ń jẹ́ InDesign, ẹlòmíì ní Scribus, ẹlòmíì ní Affinity. Èwo ni kí n mú? Oṣù méjì péré ni mo ní.

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé
Àbúrò, o káre tí o tètè béèrè. Fi ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà sílẹ̀ ná. Pe ilé ìtẹ̀wé tí yóò tẹ ìwé náà lónìí. Bi wọ́n léèrè ìwọ̀n bébà, bleed tí wọ́n fẹ́, irú PDF tí wọ́n ń gbà, àti bí wọn yóò ṣe di ìwé náà. Ohun tí wọ́n bá sọ ni wàá fi ṣí fáìlì rẹ. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà tàbí Kánádà lo wà, Letter ni bébà wọn, íǹṣì 8.5 sí 11. Ní Yúróòpù, A4 ni, mìlímítà 210 sí 297. Bleed náà, wọ́n máa ń fẹ́ mìlímítà 3 ní Yúróòpù, ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni pé àwòrán tó bá kan etí bébà gbọ́dọ̀ ré kọjá etí náà díẹ̀, kí ọ̀bẹ lè rí nǹkan gé. Bí kò bá ré kọjá, ìlà funfun tín-ín-rín á yọ létí.

Ojú ewé 26 yẹn ò ní ṣeé ṣe bí wọ́n bá fẹ́ fi wáyà gún ìwé náà láàárín. Ká bébà kan sí méjì kí o kà á: ojú ewé 4 ló fún ọ. Nítorí náà, 24 tàbí 28. Ìsinsìnyí ni kí o ti bá àwọn ẹgbẹ́ sọ ọ́, kó má di ọ̀la.

Ó wá ku sọ́fítíwíà. InDesign ni ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé mọ̀ jù, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wàá máa san owó rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Scribus láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Canva ti sọ Affinity náà di ọ̀fẹ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2025. Microsoft Publisher ni kí o má ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́, nítorí oṣù kẹwàá ọdún 2026 ni wọ́n dá láti pa á tì. PageMaker, sọ́fítíwíà títo ìwé àtijọ́, lèmi fi mọ iṣẹ́ yìí. Ọdún 1985 ni ilé-iṣẹ́ Aldus gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ Adobe ra Aldus ní 1994, InDesign sì dé ní 1999. Mo ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, ohun kan náà ni mo ń bá níbẹ̀: àpótí ọ̀rọ̀, àpótí àwòrán, sítáìlì (ìlànà tó ní orúkọ, tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí), àti ojú ewé ìyá tí gbogbo ojú ewé yòókù ń jogún nọ́ńbà àti àlà lára rẹ̀. (Master ni InDesign ń pè é tẹ́lẹ̀, wọ́n ti yí i sí Parent báyìí. Ìyá lèmi ti ń pè é látọjọ́ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi níbẹ̀ ni.)

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti pè wọ́n: A4, mìlímítà 3, PDF/X-4, wáyà láàárín. Mo ti gé e sí 24. Mo sì ti rí i pé InDesign wà lórí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé tó sún mọ́ mi, káàdì ìkàwé lásán ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n mo wo fídíò ẹ̀kọ́ kan fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí mo dìde, n kò lè ṣe ohunkóhun.

Àǹtí Olóòtú
Mo gbà ọ́ gbọ́! Fídíò kò burú, ṣùgbọ́n má wò ó láti orí dé ìdí. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn tí mo kọ́ ṣe nìyí: mú ìwé ìròyìn kan tí títò rẹ̀ wù ọ́, mú rúlà, kí o wọn ojú ewé méjì nínú rẹ̀. Àlà òkè mélòó, ti ìsàlẹ̀ mélòó, òpó ọ̀rọ̀ mélòó, ìlà mélòó ló wà nínú òpó kan. Wá lọ tò ó bákan náà, kó dà bí ìbejì rẹ̀. Gbogbo ibi tí o bá há sí, ìgbà yẹn ni kí o wá fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún tó sọ nípa ibẹ̀ gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ju kíláàsì tí mo sanwó fún lọ.

Kí o sì kọ́ sítáìlì kí o tó kọ́ ohun mìíràn. Dá mẹ́ta péré: àkọlé, ọ̀rọ̀ inú, àlàyé abẹ́ àwòrán. Má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ ọ́ di ńlá tàbí kíki (bold). Sítáìlì ni kí o fi wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kún ìwé, lọ sínú sítáìlì ọ̀rọ̀ inú, yí ìwọ̀n lẹ́tà láti 11 sí 10, kí o wo bí gbogbo ojú ewé 24 náà ṣe máa jẹ́ ọ lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín ni mo ń rín lémi nìkan.

Ìwé rẹ ní Yorùbá nínú, mo ní láti kì ọ́ nílọ̀. Ìwé ọmọdé kan ni mo tò lọ́jọ́sí, mo yan fọ́ńtì kan tó rẹwà bí egbin. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀dà àyẹ̀wò dé, àmì ohùn orí ọ̀ ti fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ẹ́ sì di àpótí òfìfo ní gbogbo ibi tí mo ti sọ ọ́ di kíki. Ìdí rẹ̀ nìyí: Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan ni, tí àmì ohùn wá gùn lórí. Fọ́ńtì tí ẹni tó ṣe é kò bá kọ́ bí àmì ṣe ń jókòó, ibi tó bá wù ú ló máa gbé e sí.

Ìlà kan wà tí mo fi ń dán fọ́ńtì wò kí n tó lò ó: Ẹ́ Ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ Ṣ ṣ ń ǹ ḿ. Tẹ̀ ẹ́ ní lásán, ní kíki, ní títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ (italic). Kíki ló sábà máa ń dójú tì wọ́n. Gentium, Charis SIL àti Noto Serif kò tíì já mi kulẹ̀ rí, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Scribus, ẹ rí i pé 1.6 lẹ ní, ti 1.4 kò mọ bí a ṣe ń to irú àmì báyìí.

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé
Àǹtí ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àlàfo ìlà kún un. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá jẹ́ pọ́ìntì (ìwọ̀n lẹ́tà) 10, ìlà dé ìlà 12 tó o. Fún Yorùbá, 12 fún un mọ́ra jù: àmì abẹ́ ìlà òkè á máa gbá àmì orí ìlà ìsàlẹ̀ lórí. Èmi máa ń fún un ní 14. Ìwé á gùn díẹ̀, ojú òǹkàwé á sì sinmi.

Àǹtí Olóòtú
Òótọ́ ni. Mo tún fẹ́ẹ̀ gbàgbé: pa gígé ọ̀rọ̀ sí méjì létí ìlà. Sọ́fítíwíà máa rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni o ń kọ, á wá gé "agbára" sí "ag-bára". Gb tí ó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó gé e sí méjì! Inú sítáìlì ni kí o ti pa á, kí o sì sọ èdè rẹ̀ di No Language (kò sí èdè).

Àbúrò Oníwẹ́ẹ̀bù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni àwòrán 40 yẹn ti wá? Bó bá jẹ́ pé orí WhatsApp ni wọ́n gbà wá, a jẹ́ pé wọ́n ti rù kí wọ́n tó dé. Ìtẹ̀wé ń fẹ́ píkísẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan. Àwòrán tó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 1200, íǹṣì 4 péré ló lè gbà lórí bébà. Bí ẹ bá fà á dé 8, á máa rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi fáìlì gangan ránṣẹ́, bíi dókúmẹ́ńtì.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Áà. WhatsApp ni gbogbo wọn o. Mo ti ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ti RGB àti CMYK tí gbogbo ènìyàn ń pariwo?

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé
Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, RGB nìyẹn; tàdáwà mẹ́rin ni ilé ìtẹ̀wé ń lò, CMYK nìyẹn. Búlúù tó ń tàn yanran lójú fóònù lè di búlúù tó rẹ̀ lórí bébà, má bá wọn jà lórí ìyẹn. Ibi tí ó yẹ kí o ṣọ́ra sí ni ọ̀rọ̀ dúdú.

Ìwé kan wà tí mo tò, tí mo kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé láti inú sọ́fítíwíà lẹ́tà, tí n kò yẹ dúdú rẹ̀ wò. Dúdú RGB ni. Nígbà tí ó di CMYK, ó di àpapọ̀ tàdáwà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́tà kékeré pọ́ìntì 9, tí àwọ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ bọ́ síbi kan náà gẹ́lẹ́ lórí rẹ̀! Ọ̀kan yẹ̀ díẹ̀, ló bá di pé gbogbo ọ̀rọ̀ ní òjìji pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi ni mo sanwó àtúntẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ṣí Separations Preview nínú InDesign, tó ń fi tàdáwà kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀, màá wá pa ojú K, tàdáwà dúdú, nìkan. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣì hàn lẹ́yìn tí K ti kúrò, kì í ṣe dúdú gidi. K 100, òdo ní mẹ́ta yòókù, ni mo fẹ́ bá nínú sítáìlì ọ̀rọ̀ inú.

Àbúrò Oníwẹ́ẹ̀bù
Ní ti fóònù: PDF A4 kò rọrùn lójú fóònù, òǹkàwé á máa fà á sọ́tùn-ún sósì. EPUB, irú fáìlì ìwé tí a ń kà lórí fóònù, dára jù fún ìwé tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ á máa ṣàn bá ìwọ̀n ojú fóònù mu. InDesign lè sọ fáìlì yín di EPUB. Bí ẹ bá ti lo sítáìlì bí àǹtí ṣe wí, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: ẹ ó kàn sọ fún sítáìlì àkọlé pé h1 (àmì àkọlé) ni, ọ̀rọ̀ inú pé p (àmì ìpínrọ̀) ni. Ẹni tó fọwọ́ sọ àkọlé di ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan ló máa sunkún níbẹ̀. Kí ẹ sì so àwòrán kọ̀ọ̀kan mọ́ ìpínrọ̀ tó bá a lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo wọn á kó jọ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé. Ẹ fi fọ́ńtì sínú rẹ̀ pẹ̀lú, torí àmì ohùn wa.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ará. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé tí mo ti dákẹ́, iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Mo wọn ìwé ìròyìn kan bí àǹtí ṣe ní kí n ṣe, mo fi ọjọ́ mẹ́rin tò ó. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ tiwa. Mo tẹ Ctrl àti D láti kó ọ̀rọ̀ wọlé, mo di Shift mú kí n tó kílíìkì, ọ̀rọ̀ sì ṣàn kún ojú ewé lọ fúnra rẹ̀. Mo pariwo nínú ilé ìkàwé, wọ́n wò mí.

Ohun kan dẹ́rù bà mí lánàá. Àpilẹ̀kọ ojú ewé 17 kàn dá dúró láàárín gbólóhùn. Mo wò ó títí, kí n tó rí àmì àròpọ̀ pupa kékeré kan nísàlẹ̀ àpótí náà, lápá ọ̀tún.

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé
Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù tí kò ríbi gbà ni àmì yẹn ń fi hàn. Má kó o dànù. Fa àpótí gùn, tàbí gé ọ̀rọ̀. Preflight, tó ń wá àṣìṣe inú fáìlì, nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà máa ń pupa bí irú rẹ̀ bá wà níbìkan, má fi fáìlì ránṣẹ́ àfi tó bá di àwọ̀ ewé.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ó ti di àwọ̀ ewé. Ṣé kí n kó ojú ewé pọ̀ ní méjì méjì nínú PDF, bó ṣe rí bí a bá ṣí ìwé?

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé
Rárá o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni wọ́n mọ ojú ewé tó ń bá èkejì pàdé lórí bébà ńlá: ní ìwé olójú ewé 24, 24 ló ń bá 1 jókòó. Lo Package nínú InDesign kó lè kó fọ́ńtì àti àwòrán jọ sínú fódà kan, kí o tọ́jú rẹ̀. Béèrè ẹ̀dà àyẹ̀wò lórí bébà, kí o sì fún ẹni tí kò tíì rí ìwé náà rí láti kà á. Ojú tìẹ ti mọ́ ọn jù.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Mo ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Wọ́n dá a padà lọ́sàn-án: bleed ẹ̀yìn ìwé ku mìlímítà 1. Mo ti tún un ṣe, wọ́n ti gbà á. Ẹ̀dà àyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Àǹtí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kà á, torí ẹ kò tíì rí i.

Àǹtí Olóòtú
Fi ránṣẹ́. Bíró pupa mi ti wà nílẹ̀.