Jẹjẹrẹ awọ ara ni dókítà bá lára ọkọ mi, báwo ni kí n ṣe dúró tì wọ́n?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àfín ni bàbá àwọn ọmọ mi. Táyà ọkọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ létí títì n'Íbàdàn, nínú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́. Egbò kékeré kan wà létí wọn tí kò jinná. Bó gbẹ lónìí, á tún ṣẹ̀jẹ̀ lọ́la. Ilé ìwòsàn gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ awọ ara ni. Dókítà ní kò tíì tàn dé ibòmíràn lára wọn, pé tá a bá tètè gé e kúrò, ó lè tán síbẹ̀.

Àtìgbà náà lọkọ mi ti dákẹ́. Akẹtẹ̀ tí mo rà fún wọn, ara ògiri ni wọ́n fi kọ́. Ìyá wọn ní àgbo la ó máa fi fọ egbò náà (ẹ bá mi bẹ ìyá yìí o).

Ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín ti la irú èyí kọjá, báwo lẹ ṣe ń bá wọn sọ ọ́ tí kì í dìjà? Kí ló yẹ kí n bi dókítà kó tó dọjọ́ iṣẹ́ abẹ? Ìpara tó ń dènà oòrùn gbówó lórí gan-an. Níbo làwọn àfín ti ń rí i rà ní pọ́ọ́kú? Ṣé dandan ni kí wọ́n fi iṣẹ́ etí títì sílẹ̀, àbí ìbòòji nìkan ti tó?