Ó ti yanjú o: kọ̀ǹpútà mẹ́fà tó ń du àdírẹ́sì IP kan

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo fi Clonezilla (ètò tó ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì) ṣe ẹ̀dà Ubuntu Server (ètò ìṣiṣẹ́ Linux fún sáfà) láti orí kọ̀ǹpútà kan sórí márùn-ún mìíràn. Gbogbo wọn tàn dáadáa, àmọ́ àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kan ṣoṣo ni ráútà ń fún wọn. Bí ọ̀kan bá wọlé, òmíràn á já.

Mo ti fẹ́ ra ráútà tuntun. Ráútà ò mọwọ́ mẹsẹ̀! Fáìlì /etc/machine-id ló fa wàhálà náà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbé dání, òun ni wọ́n sì fi ń tọrọ àdírẹ́sì, kì í ṣe MAC (nọ́ńbà tó wà lára káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí mo tẹjú mọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko.

Mo fi truncate -s 0 /etc/machine-id sọ ọ́ di òfìfo lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, mo pa kọ̀ǹpútà náà láì tún un tàn, mo wá ṣe ẹ̀dà tuntun. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń tàn ló ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà tirẹ̀. Mo yí orúkọ wọn padà pẹ̀lú hostnamectl, mo sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn) wọn.

Ẹni tó ní kí n yẹ DHCP (ìlànà tí ráútà fi ń pín àdírẹ́sì IP) wò lọ́jọ́ kìíní, ẹ ṣeun, etí mi ló di. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.