Báwo ni mo ṣe lè fi orúkọ ohùn dùndún hàn lábẹ́ nóòtì lórí kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè, láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo ń kọ orin kan sílẹ̀ fún regbẹ́regbẹ́ wa, èyí tí a fẹ́ lò ní Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá. Ohùn akọrin wà lókè, ìyáàlù dùndún sì wà nísàlẹ̀. MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ nóòtì orin, ni mo ń lò. Mo fẹ́ kí orúkọ ohùn kọ̀ọ̀kan hàn lábẹ́ nóòtì ìlù, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tí yóò lù ú kò mọ nóòtì kà, ṣùgbọ́n C, D àti E ni irinṣẹ́ orúkọ nóòtì ń kọ, kò sì sí ọmọ onílù tí ó ń pe ohùn ìsàlẹ̀ ní C. Ni mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ dò, re, mí sí i.

Nígbà tí a ṣe ìdánrawò ní Ọjọ́bọ̀, ọmọkùnrin kan tí ó tún jẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì dé ibi "Kábíyèsí", tí mo kọ mí-mí-dò-mí sí abẹ́ rẹ̀. Ó ń fún ọṣán ìlù, ó ń tú u, ó ń wá dò tí àwọn akọrin ń kọ. Nígbà tí ó rí i, ohun tí ìlù ń sọ kì í ṣe Kábíyèsí mọ́. Ó dùn mí, torí pé èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Kí ni kí n ṣe?

Ará Ṣágámù kan

Orúkọ kan ni ẹ fún nǹkan méjì. Dò akọrin ni ìpìlẹ̀ kíì (ìpele ohùn tí a gbé orin lé), ó sì máa ń ṣí kúrò bí kíì bá yí padà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń gbé Sa, nóòtì ìpìlẹ̀ tiwọn, sí ibi tí ó bá ohùn akọrin mu. Dò tí a fi kọ́ àmì ohùn ní ilé-ìwé kò ní ibi kan pàtó. Ó kàn ń sọ fún wa pé ohùn sílébù náà wà nísàlẹ̀ ni. Ẹ fi dò, re, mí sílẹ̀ fún akọrin. Ẹ kọ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ fún ìlù.

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó kan

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì irinṣẹ́ náà, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .qml, kí ẹ sì ṣí i bí ìwé lásán. Nọ́ńbà ni ó fi mọ nóòtì: 14 ni C, 16 ni D, 18 ni E. Ẹ má yí nọ́ńbà padà; ẹ fi ìsàlẹ̀, àárín àti òkè rọ́pò lẹ́tà C, D àti E, kí ẹ fún ẹ̀dà náà ní orúkọ tuntun, kí ẹ sì yan ìlà ìlù nìkan kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ kò bá fẹ́ fọwọ́ kan fáìlì, ẹ tẹ Ctrl+L, kí ẹ kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ orin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ohùn nóòtì padà lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà fúnra rẹ̀. Fọ́ǹtì Charis SIL ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí àmì orí lẹ́tà "ẹ̀" má baà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọmọ Àyàn kan, Ìpẹru-Rẹ́mọ

Àbúrò mi, orúkọ nìkan kò tó. "Sí" tí ó kẹ́yìn nínú Kábíyèsí tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà ńṣe ni ohùn ń gun òkè lọ, onílù sì gbọ́dọ̀ fún ọṣán náà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ bá ti bà á. Ẹ fa ìlà glissando síbẹ̀, èyí tí ó ń fi hàn pé ohùn ń yọ́ gòkè tàbí sísàlẹ̀.

Oníbéèrè

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ti hàn lábẹ́ ìlù, mo sì ti fa ìlà sí "sí". Gúdúgúdú ni ó kù. Níwọ̀n bí kì í ti í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, mo fi í sórí ìlà kan ṣoṣo, n kò kọ orúkọ kankan sí i.